Ọwọ́ Òsì Ọkọ Mi

Kí àìsàn tó dé, ọkọ mi ló máa ń wa ọkọ̀ wa láti Kubwa lọ sí àárín ìlú láràárọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni àwa méjèèjì. Iléeṣẹ́ wa yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà la ń gbà. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, jíà ọlọ́wọ́ ló ní, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan sì wà tó jẹ́ pé ìta nìkan la ti lè ṣí i. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn rẹ̀, nítorí pé ìjọ kékeré ni. Àwọn ará ìjọ wa méjì máa ń bá wa lọ. Tí a bá ti bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, ọkọ mi á dá orin, a ó gbè é, ẹnì kan á gbàdúrà, a ó sì ti ṣe àmín kí a tó dé ibi tí ọkọ̀ ti ń tò. Àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa a máa wò wá tẹ̀ríntẹ̀rín, èmi náà á juwọ́ sí wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn méjì yìí jẹ́ díákónì, ọmọ Èkìtì, ọkùnrin tí kì í tètè bínú ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé bí ó bá bínú tán, ó di kí ẹ máa bẹ̀ ẹ́ títí. Èkejì ni màmá tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Opó ni, ó ga, ohùn rẹ̀ sì lè jí ẹni tó ń sùn ní ilé kẹta. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, wọn kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ohun tó fà á ni pé bàbá díákónì dìde ní ìpàdé ìjọ, ó ní àwọn ọmọ wa tí a bí sí Abuja kò gbọ́ Yorùbá tó bó ṣe yẹ, kí a kúkú da ìsìn Yorùbá pọ̀ mọ́ ti Gẹ̀ẹ́sì. Màmá akọrin ní ẹni tí kò bá fi Yorùbá bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé kò gbọdọ̀ wá fi ìyà rẹ̀ jẹ ìjọ. Gbogbo wa la mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ọmọ bàbá díákónì ń sọ.

Láti ọjọ́ náà, bàbá jókòó síwájú, màmá jókòó sẹ́yìn lọ́dọ̀ mi. Orin kan náà ni wọ́n ń kọ, àmín kan náà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n bí màmá bá wọlé láàárọ̀, á kí ọkọ mi, á kí mi, ó kù díẹ̀ kó kí ọkọ̀ pàápàá, á sì fo bàbá kọjá. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà náà. Ọkọ mi á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀, Ọlọ́run ń gbọ́ ohùn méjèèjì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ọkọ mi ṣubú sí balùwẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì mú ọ̀rọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dá wa sílẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lẹ́nu rẹ̀, "rárá". Ebi ń pa yín? Rárá. Ẹ ti yó? Rárá. Ojú rẹ̀ la máa ń wò kí a tó mọ èyí tó ń sọ. Dókítà ní kí a máa gbé e wá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ fún àwọn tó máa ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní oṣù díẹ̀ àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, pé ohun tí a kò bá rí gbà padà nígbà náà lè má padà mọ́.

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣe é. Mo kúnlẹ̀ láti gbàdúrà, ọ̀rọ̀ kò wá. Lóòótọ́, inú ń bí mi sí Ọlọ́run, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ìjọ ló gbàdúrà tí èmi kò lè gbà. Bàbá díákónì àti ọkùnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn ń wá ní ìdájí kí wọ́n tó lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á gbé ọkọ mi lọ sí balùwẹ̀, wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ. Màmá akọrin ń gbé ọbẹ̀ wá láàárọ̀ kí òun náà tó lọ síbi iṣẹ́. Mo kíyè sí i pé ó máa ń rí i dájú pé bàbá ti lọ kí ó tó dé. Mo máa ń gbọ́ ìró bàtà wọn níta, ọkàn mi á sì balẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí níbi tí mo ti rí agbára Ọlọ́run, ìró bàtà yẹn ni mo máa kọ́kọ́ rántí.

Ohun tó wá ń dùn mí ni ọwọ́ òsì ọkọ mi. Ọwọ́ yẹn le koko, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n kò fẹ́ lò ó. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ, ẹni tó bá fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, ìgbákọ ni wọ́n á fi gbá ọwọ́ náà. Bí àlejò bá na ọwọ́ sí i, á fi tirẹ̀ sábẹ́ aṣọ. Kò di ṣíbí mú, èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ. Nígbà tí pásítọ̀ gbé àkàrà àti wáìnì oúnjẹ Olúwa wá sílé, ó wo ọwọ́ òsì rẹ̀, ó wo pásítọ̀, ó ní rárá. Lọ́jọ́ yẹn kò sí ẹni tí kò mọ èyí tó ń sọ. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn wá di wàhálà. Takisí tó ń kó èrò kò ṣeé wọ̀ fún un, nítorí pé mẹ́rin ni wọ́n ń kó sẹ́yìn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì tẹ̀. Àwọn ará ìjọ ń gbé wa lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọ̀gá ibi iṣẹ́ kì í fún ènìyàn láyè lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí a kò lọ rárá. Lópin ọ̀sẹ̀ náà, mo rí i pé àwọn ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti fẹ́ ká jọ. Mo ní èmi fúnra mi máa kọ́ ọkọ̀ wíwà. Ẹ̀rù ọkọ̀ wíwà ti ń bà mí láti ọmọdé, gbogbo ilé ló mọ̀, ọkọ mi náà sì mọ̀. Ó wò mí títí, ó ní rárá.

Bàbá díákónì ní òun á kọ́ mi. Pásítọ̀ ní ó dára, ṣùgbọ́n kò bójú mu kí ọkùnrin àti ìyàwó oníyàwó dá wà nínú ọkọ̀, kí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin fi ẹnì kan tì wá. Ẹni tí ó dárúkọ fún wọn ni màmá akọrin, nítorí pé ó ti wakọ̀ nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé. Mo fura pé pásítọ̀ mọ ohun tó ń ṣe. Títí di òní, kò jẹ́wọ́ fún mi.

Lẹ́yìn ìpàdé àdúrà Sátidé, a gbé ọkọ̀ náà lọ sí pápá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màmá wà lẹ́yìn. Bàbá ní kí n rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ kí n tó tẹ iná. Màmá ní kí n bá òun sọ fún ẹni tó wà níwájú yẹn pé bí ènìyàn kò bá kọ́kọ́ tẹ iná díẹ̀, ọkọ̀ á kú. Bàbá ní kí n bá òun sọ fún ẹni tó wà lẹ́yìn yẹn pé òun lòun ń kọ́ mi. Mo tẹ iná, mo fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ fò, ó kú. Bí a ṣe ṣe é ní Sátidé àkọ́kọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà la ṣe é ní èkejì. Jíà ló burú jù. Bí mo bá ti rántí kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ mi á gbàgbé ibi tí jíà wà. Bí mo bá wá jíà kàn, ẹsẹ̀ mi á ti sá kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì.

Ní Sátidé kẹta, mẹ́ruwà kan ń ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ bọ̀ ní etí pápá. Bàbá ní kí n yà sí òsì. Màmá ní ọ̀tún ni. Mo dojú kọ ọkùnrin náà gan-an. Ó ní "Kai, madam," ó fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ sì kú kí n tó kàn án. Àwọn méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rán mi sí ara wọn.

Orí mi gbóná. Mo yọ kọ́kọ́rọ́, mo bọ́ sílẹ̀, mo bẹ mẹ́ruwà náà, mo sì lọ jókòó sórí òkúta kan. Wọ́n tẹ̀ lé mi, wọ́n dúró, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún.

Mo ní, "Ọkọ mi wà nílé, ó ń wá ọ̀rọ̀ kan péré tó lè fi bá mi sọ̀rọ̀, kò rí i. Ẹ̀yin méjèèjì ní gbogbo ọ̀rọ̀ lẹ́nu, ẹ ní ẹ ò lò ó."

Mo ti fẹ́ máa tọrọ àforíjì, torí pé àgbà ni wọ́n sí mi, nígbà tí bàbá díákónì dojú kọ màmá. Ó ní, "Màmá, ẹ má bínú. Òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn ọmọ mi, òun ló dùn mí."

Màmá wo ilẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe iwájú ìjọ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹ forí jì mí, bàbá."

Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n ti ń jiyàn lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n ara wọn ni wọ́n ń bá jiyàn, ojú ń wo ojú, èmi sì jókòó sórí òkúta mi bí ọmọ ọba. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ.

Lẹ́yìn Sátidé mélòó kan sí i, ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọkọ mi lọ sí ilé ìwòsàn, àwọn méjèèjì gba àyè níbi iṣẹ́ láti bá wa lọ. A gbé e sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀nà márosẹ̀ dára títí a fi dé ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń yà sí Mpape. Ọkọ̀ tò níbẹ̀, òkè la sì ń gùn. Mo dúró. Nígbà tí iwájú ṣí, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo wá jíà kínní, mi ò rí i. Ọkọ̀ ń yọ́ padà sẹ́yìn. Mo tẹ bíréèkì. Fèrè ń dún lẹ́yìn wa, òógùn bo ojú mi, mo sì ké pe Jésù. Bàbá àti màmá lanu láti sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọwọ́ kan gbé ọwọ́ mi kúrò lórí jíà. Ọwọ́ òsì ọkọ mi ni. Ó mú jíà, ó tì í sí kínní, ó sì fi ojú sọ fún mi pé ó yá. Mo fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mo tẹ iná, ọkọ̀ gbéra láì fò. Bí eré ṣe pọ̀ sí i, mo tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ó yí i sí èkejì. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó yí i sí ẹ̀kẹta. Báyìí la ṣe lọ, ẹsẹ̀ tèmi, ọwọ́ tirẹ̀, títí dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Nígbà tí mo wo dígí, màmá akọrin ń fi gèlè nu ojú, bàbá díákónì sì dá orin kalẹ̀, lóhùn tó ga jù fún un. Màmá bá a gbé e.

A kò pa ọjọ́ ilé ìwòsàn kan jẹ mọ́. Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ òsì jẹun lọ́sẹ̀ yẹn, láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ìgbà tó fi ọ̀pá rìn wọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó na ọwọ́ òsì gba oúnjẹ Olúwa níwájú gbogbo ìjọ. Màmá akọrin tó tẹ̀ lé e gbé ìwé orin sí ọwọ́ ọ̀tún, ó na òsì. Bàbá díákónì náà na òsì. Pásítọ̀ fún wọn bí ó ṣe ń fún gbogbo ènìyàn. Ìsìn Yorùbá ṣì wà ní àárọ̀ ní tirẹ̀, àwọn ọmọ bàbá díákónì sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ bí òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ padà sí ẹnu ọkọ mi díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò padà tán, ṣùgbọ́n ó ń di bọ́tìnnì. Èmi náà mọ jíà yí dáadáa nísinsìnyí, mo máa ń dá wakọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n bí òun bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo máa ń gbé ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀, mo máa ń tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo sì máa ń dúró dè é.