Gbé E Sókè Níparí

Àwọn kan fẹ́ràn owó, àwọn kan fẹ́ràn obìnrin. Ẹ̀gbọ́n mi Dáúdà fẹ́ràn orin kan ṣoṣo. Orin yẹn ló sì kù díẹ̀ kó pa gbogbo wa. Títí di òní olónìí, bí mo bá ń kọjá lọ tí mo gbọ́ ọ nínú rédíò ẹlòmíràn, àyà mi a já, n óò sì dúró síbi tí mo wà títí yóò fi parí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Dáúdà. Kambolé, ìlú àwa Yorùbá, ni wọ́n bí wa sí, nílé àwọn tó ń gbin iṣu àti àgbàdo, ṣùgbọ́n iṣẹ́ oko kò bá a lára mu rárá. Iṣu tó bá gbìn, ẹranko ló ń bá a jẹ ẹ́, nítorí kì í lọ wò ó. Nígbà tó dàgbà, ó kó lọ sí ìlú ńlá Sokodé, ó gba ìsọ̀ kékeré kan lẹ́bàá títì ní Kouloundè, ó sì ń gba orin láti inú rẹ́kọ́ọ̀dù sínú kásẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́. Àwọn àlùfáà àdúgbò ní iṣẹ́ Ṣàtánì ló ń ṣe. Àwọn náà ló tún ń gbé wáàsí wọn wá kó bá wọn gbà á sí kásẹ́ẹ̀tì.

Obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà ló kọ orin tí mò ń wí yìí. Àwa ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bébà àárín rẹ́kọ́ọ̀dù náà sì ti bó, nítorí náà Orin Ẹlẹ́kún la sọ ọ́. Ọkùnrin ń lọ, obìnrin ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ìyẹn ò nílò ògbufọ̀. Àwọn mìíràn ti tún un kọ. Ẹgbẹ́ akọrin kan láti Kútọnu kọ ọ́ ní Faransé, wọ́n fi fèrè sí i. Àwọn ọmọkùnrin onígìtá kan ní àdúgbò Komah kọ ọ́ ní èdè Tẹm, wọ́n ń sáré kọ ọ́ bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀. Baba arúgbó kan láti Gánà náà kọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti há. Gbogbo wọn ló wà lọ́wọ́ Dáúdà, àwọn ọ̀dọ́ á sì kóra jọ síwájú ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọn á máa jiyàn èwo ló dùn jù.

Lójú Dáúdà, kò sí iyàn níbẹ̀. Obìnrin àkọ́kọ́ yẹn ló ni orin. “Ẹ gbọ́ ìparí rẹ̀,” ni yóò máa wí, á gbé ìka sókè. Níbi tí ẹlòmíràn á ti sinmi, obìnrin yẹn á gbé ohùn rẹ̀ sókè, bí ẹni tó ń pe èèyàn tó ti sọdá odò. Tó bá wá kan baba ará Gánà, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín, nítorí ńṣe ni ohùn tirẹ̀ ń já wálẹ̀ níparí. Dáúdà ní baba yẹn ò kọrin, ẹrù ló ń sọ̀ kalẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ilé wa ti rí ṣáájú, kí ẹ lè mọ ìdí tí ẹ̀rù fi bà wá tó bẹ́ẹ̀. Dáúdà ní ẹ̀gbọ́n kan, Tàjùdíìnì, aláwàdà èèyàn. Níbi tí wọ́n ti ń mu tíì ní Sokodé ló ti fi Ààrẹ dá àpárá kan, àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, ó lọ sílé. Àwọn kan gbé mọ́tò wá lọ́jọ́ kejì, wọ́n mú un. A kò rí i mọ́, a kò sì rí òkú rẹ̀ sin. Ìyá wọn, Ìyá Àrìnpé, kò sunkún lójú wa. Kò tún dárúkọ ọmọ náà mọ́. Nígbà àdúrà nìkan ni a máa ń rí i tí ẹnu rẹ̀ á dákẹ́ níbì kan, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí tẹ̀sùbáà.

Nígbà yẹn, kò sí ìlú tí kò ní ẹgbẹ́ anímásíọ̀n tirẹ̀. Orin ìyìn Ààrẹ ni iṣẹ́ wọn. Bí àlejò ìjọba bá ń bọ̀, ẹ ó wọ aṣọ ẹgbẹ́ òṣèlú, ẹ ó máa fò sókè nínú oòrùn, ẹ ó sì máa rẹ́rìn-ín. Bàbá la ń pe Ààrẹ nínú orin. Ṣítù ni olórí ẹgbẹ́ ti Kambolé, èmi Bàlíkísù náà sì wà láàárín àwọn tó ń gbè. Ìpàdé ńlá kan ń bọ̀ ní Tchamba, Ṣítù sì fẹ́ orin tuntun lédè wa. Ó wá bá Dáúdà. Ẹni tí ìjọba bá bẹ̀ níṣẹ́, ta ni yóò sọ pé inú ń run òun?

Kí ni Dáúdà mọ̀ ju Orin Ẹlẹ́kún lọ? Òun náà ló mú, ó yọ ẹkún kúrò nínú rẹ̀, ó fi ìyìn sí i. Ọkọ̀ òfurufú Ààrẹ ti já rí, Ààrẹ sì yọ láàyè. Gbogbo olórin ló ń fi ìyẹn kọrin. Dáúdà wá fi ṣe ègbè pé: *Gbogbo igi wó, Bàbá ló kù.* Ó dáa, àbí kò dáa? Ó wọni létí, kò sì ní àbùkù kankan. Kúbúrá ìyàwó rẹ̀ ló máa lé e, nítorí ohùn rẹ̀ dùn ju ti gbogbo wa lọ.

Nígbà tí a ń kọ́ ọ ní Kambolé, Kúbúrá kọ ọ́ bí ẹnu Yorùbá ṣe ń sọ̀rọ̀. Bó bá dé ìparí, ohùn á balẹ̀. Dáúdà fajú ro.

“Kò níyọ̀,” ló wí. “Gbé e sókè níparí, bíi ti obìnrin yẹn.”

“Ó ń há mi lọ́fun.”

“Nítorí pé ilé lo wà ni. Tó o bá rí èrò, wàá gbé e. Èmi á dúró lẹ́yìn wọn, màá fi ọwọ́ júwe fún ọ.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé Tchamba. Àwọn ọmọ Komah wá bá wa ta gìtá, wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Pèréfẹ̀, olórí àgbègbè náà, jókòó lábẹ́ ibòji pẹ̀lú àwọn èèyàn ńlá. Kò gbọ́ Yorùbá. Àwọn ará Kambolé tó wá tajà dúró lápá kan, Ìyá Àrìnpé wà láàárín àwọn ìyá tó wà níwájú. Kúbúrá bẹ̀rẹ̀, orin wọlé, ara ń ta wá. Mo rí Dáúdà lẹ́yìn èrò, ó na ọwọ́ rẹ̀, ó ń júwe: sókè, sókè. Kúbúrá fa èémí, ó sì gbé e sókè bí Dáúdà ṣe fẹ́.

*Gbogbo igi wó, Bàbá ló kú!*

Ẹ̀yin tó gbọ́ Yorùbá, ẹ ti gbọ́. Ìró orin ti gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ẹni tó kù ti di ẹni tó kú, nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, níwájú pèréfẹ̀, láti ẹnu ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi.

Ọwọ́ Dáúdà wà lókè níbi tó nà án sí, kò lè sọ ọ́ kalẹ̀. Lápá ibi tí àwọn ará Kambolé wà, ariwo dá wáí. Ìyá kan ń wọn àgbàdo fún oníbàárà, kóńgò ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú afẹ́fẹ́. Kúbúrá fúnra rẹ̀ yí ojú wò wá, ojú rẹ̀ ti ràn. Àwa ló sì kàn láti gbè é! Bí a bá dákẹ́, wọn á bi wá pé kí ló dé. Onígìtá kò dúró de ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ fi Allah búra pé ohùn ìsàlẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n orin náà fà wá lọ́fun sókè, gbogbo wa sì pariwo pé Bàbá ló kú.

Pèréfẹ̀ dìde. Mo ní ó tán. Ó pàtẹ́wọ́, ó ń jó!

“Bíìsì!” ló ń ké. “Bíìsì!”

Ká tún un kọ ló ń wí. A tún un kọ. Ìyá Àrìnpé nìkan ni kò wo ilẹ̀ nínú àwọn ìyá wa. Ó tẹjú mọ́ Kúbúrá, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí a parí, pèréfẹ̀ bọ Dáúdà lọ́wọ́. Ó ní orin yìí ń lọ sí Sokodé, mínísítà ń bọ̀ níbẹ̀, rédíò á gbà á sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má yí nǹkan kan padà nínú rẹ̀. Ṣítù tú u sí Yorùbá fún wa, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta bí ẹni tó ń yọ̀. Ó tún fi ẹ̀rín kan náà sọ pé, “Dáúdà, o ti pa wá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, wọ́n ń wò wá.”

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ní Tchamba, àwa nìkan la gbọ́ ara wa. Ní Sokodé, Ìbíkúnlé wà níbẹ̀, jándáámù, ọlọ́pàá ìjọba, ni, ará Kambolé sì ni ìyá tó bí i. Kò sí ayẹyẹ tí kò ní wà níbẹ̀, tòun ti ìbọn.

A kóra jọ sínú ìsọ̀ Dáúdà ní Kouloundè, ó ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án gangan. Kúbúrá ń sunkún.

“Bí mo bá gbé e sókè, Ìbíkúnlé á gbọ́. Bí n kò bá gbé e sókè, pèréfẹ̀ á ní mo ba orin òun jẹ́. Ẹ sọ fún mi, èwo ni kí n kú sí nínú méjèèjì?”

Dáúdà jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń fi kásẹ́ẹ̀tì sẹ́nu ẹ̀rọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin àkọ́kọ́: sókè. Àwọn ará Kútọnu: sókè, fèrè tún gbé e lé. Àwọn ọmọ Komah: sókè. Ó wá ku èyí tí a máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Baba ará Gánà bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó dé ìparí, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó sì rọra balẹ̀ wálẹ̀, kùùù. Ẹnu yà wá. Kúbúrá nu ojú rẹ̀. Orin náà kò bàjẹ́ o! Ó dùn bí ìgbà tí èèyàn sọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ tán. Báwo la ṣe ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí tí a kò gbọ́ ọ? Dáúdà doríkodò síwájú ẹ̀rọ rẹ̀.

“Baba,” ló wí, “ẹ foríjì mí.”

Kúbúrá fi ọjọ́ tó kù kọ́ ìgbọ̀nrìrì ohùn baba yẹn, títí ó fi mọ́ ọn lára.

Ọjọ́ pé. Pápá ìṣeré Sokodé kún. Gbogbo ọmọ Kambolé tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ló jáde, àwọn alágbàrù, àwọn bíríkìlà, àwọn tó ń ta búrẹ́dì. Mo rò pé tiwa ni wọ́n wá wò. Ìbíkúnlé dúró ní tòsí wa pẹ̀lú ìbọn rẹ̀. Kúbúrá kọ ọ́. Ó dé ìparí, ohùn rẹ̀ gbọ̀n, ó balẹ̀: *Bàbá ló kù.* Mínísítà ń mi orí tẹ̀lé orin. Pèréfẹ̀ rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ fura pé nǹkan yí padà. Mo rí Dáúdà tó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, mo mọ̀ pé ó ń dúpẹ́. A ti bọ́.

A la ẹnu láti gbè é.

Ohùn kan ti ṣáájú wa, láti iwájú, láàárín àwọn ìyá. Ohùn arúgbó, ó mọ́ gaara, ó lọ sókè bí obìnrin inú rẹ́kọ́ọ̀dù: *Bàbá ló kú!* Ìyá Àrìnpé ni. Kí n tó mí, gbogbo apá ibi tí àwọn ọmọ Kambolé wà ti gbè é lẹ́yìn rẹ̀, sókè kan náà, alágbàrù, bíríkìlà, àti Ṣítù olórí wa! Wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Àwọn tó wà ní Tchamba ti kọ́ àwọn tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń fò, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọ ọ́ sí mínísítà lójú, mínísítà sì ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀ sí i. Mo yíjú sí Ìbíkúnlé. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó wo ìyá wa títí, ó wá yí ẹ̀yìn padà sí wa, ó ń wo ẹnu ọ̀nà pápá bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́.

Kò sẹ́ni tó wá mú wa. A dúró dè wọ́n, wọn kò wá.

Nígbà tí a dé Kouloundè, Dáúdà kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ sọ lónìí?”

Ìyá Àrìnpé ń wá kẹ́tù, ó fẹ́ ṣe àlùwàlá. Ó rí i, ó bu omi sí i.

“Tàjùdíìnì ọmọ mi ni kò sí níbẹ̀ kó gbọ́ ọ,” ló wí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó dárúkọ ọmọ náà láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un lọ. Ó wá wo Dáúdà. “Àti pé ìwọ kọ́ lo ní kí a gbé e sókè níparí?”