Òtútù Ọjọ́ Kejì Ààwẹ̀

Alágídí ni mí, mi ò sì jiyàn rẹ̀. Lásìkò tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ń lalẹ̀ hù ní Ọ̀tà, yunifásítì kan gbà mí síṣẹ́ oníná, lẹ́yìn ọdún méje tí mo ti ń làágùn nílé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ọ̀rá ní Sango. Inú mi dùn púpọ̀. Mo sáré lọ sábúlé wa l'Ọ̀ṣun láti sọ fún ìyá mi. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tí wọ́n ta sórí ibùsùn fún mi, mo ní ooru rẹ̀ ti pọ̀ jù, mo gbé ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ẹ̀fọn abúlé fi mí ṣe súyà.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí mo padà dé, ó sì ku ọjọ́ díẹ̀ kí n wọṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ ìdúpẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kejì, orí ń fọ́ mi, ẹnu mi korò, òtútù sì ń mú mi. Mo wọ ẹ̀wù òtútù, mo lọ jókòó sínú oòrùn ọ̀sán.

Ìyá Onílé wa, Àlàájà kan tó fẹ́ràn àwàdà, ń ṣa ẹ̀wà nítòsí. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀wù òtútù nínú oòrùn yìí?"

"Ààwẹ̀ ni, Mà."

"Ààwẹ̀ kẹ̀? Ọgbọ̀n ọjọ́ gbáko ni mò ń gbà á lọ́dọọdún látìgbà tí mo ti bàlágà. Ebi máa ń pa mí, mo sì máa ń bínú sí ẹni tó bá ń dín dòdò. Òtútù ò mú mi rí. Ibo lo ti dé láìpẹ́ yìí?"

"Abúlé."

"Ṣé o sùn nínú nẹ́ẹ̀tì?"

Mo ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo sùn, wọ́n sì ní ká dìde lọ sí kílíníìkì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n parí ààwẹ̀ mi lọ́la ná. Wọ́n ní tí mi ò bá dìde, àwọn á lọ bá pásítọ̀ mi. Kíá ni mo dìde.

Ní kílíníìkì, wọ́n gún mi níka, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ibà ni, ó sì ti wọ̀ mí lára. Nọ́ọ̀sì ní ká ní mo dúró dọ̀la ni, ì bá ti gba ibòmíràn yọ. Mo lo oògùn tí wọ́n fún mi tán pátá, mo sì wọṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n dá fún mi.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Onílé. Mo bá wọn ṣàwàdà pé dókítà ló yẹ kí wọ́n jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ní kí n jókòó.

"Ọkọ mi náà wọ ẹ̀wù òtútù nínú ààwẹ̀ kí ibà tó pa á. Èmi fúnra mi ni mo ní kó fara dà á, pé ó ku díẹ̀ ká ṣínu."