Ohùn Agnes àti Àyè Tí Kò Tó

Dísìkì mẹ́fà ni Ọ̀gá Adéṣínà Májẹ́kódùnmí ti lò láti ìgbà tó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, kò sì sọ ìkankan nù nínú wọn. Dísìkì ni kọ̀ǹpútà fi ń rántí. Ohun tí kò bá sí níbẹ̀, kọ̀ǹpútà kò mọ̀ ọ́n. Inú páálí bàtà ló kó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sí. Tí iná bá lọ tí oníbàárà kò sì sí, ó máa ń tò wọ́n sórí tábìlì, á máa wò wọ́n.

"Èyí ni mo fi bẹ̀rẹ̀," ó sọ fún èmi ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ béèrè. Dísìkì náà wúwo lọ́wọ́ mi bí ọmọ ọlọ. "Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta mẹ́gà péré ló lè gbà. Mo rò pé mi ò ní lè kún un láyé mi."

Ọdún 1997 ló ra kọ̀ǹpútà tí dísìkì náà wà nínú rẹ̀, ọdún tó tẹ̀lé ìgbà tí Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan tó ń kó lọ sí Adó ló tà á fún un. Dísìkì kejì gba gígì mẹ́jọ, ẹgbẹ̀rún mẹ́gà ni gígì kan, ẹ̀kẹta gba ogójì. Lẹ́yìn ìyẹn, kò tún ka gígì mọ́. Tẹ́rà ló kù, ẹgbẹ̀rún gígì nínú ẹyọ kan. Èyí tó wà lórí tábìlì rẹ̀ báyìí kò tóbi ju Bíbélì kékeré lọ, tẹ́rà mẹ́rin ló sì gbà.

"Kó ẹgbẹ̀rún méje irú àkọ́kọ́ yìí jọ," ó ní, "inú ẹyọ kan yìí ni wọn yóò wọ̀ sí. Àyè yóò tún kù."

Mo rò pé ó ń yangàn ni. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwé ètò ìsìnkú ni iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹbí á mú fọ́tò àti ìtàn ìgbésí ayé olóògbé wá, á sì tò wọ́n mọ́ àwọn orin tí wọ́n yàn. Kì í pa ìkankan rẹ́, nítorí àwọn ẹbí máa ń padà wá fún ìrántí ọdún kan tàbí ọdún mẹ́wàá, fọ́tò kan náà ni wọ́n sì máa ń fẹ́. "Àwọn òkú mi" ló ń pè wọ́n.

Tíṣà ni ìyàwó rẹ̀, Agnes, ọmọ Oǹdó. Láti kékeré ló ti ń kọ álítò, ohùn obìnrin tó wà lábẹ́ ohùn òkè, ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn níbẹ̀, ó sì ń wọkọ̀ lọ bá wọn kọrin ní gbogbo ìkórè lẹ́yìn tó ti lọ́kọ. Lọ́dún 1998, Ọ̀gá Adéṣínà ra máíkì kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì ní kó wá kọrin sí i.

"Èwo ni kí n kọ? Álítò nìkan ni mo mọ̀."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá Gbénga."

Ó kọ álítò orin ìkórè kan tán, òun nìkan, ìṣẹ́jú mẹ́rin gbáko. Ẹ̀rín pa ọkọ rẹ̀. "Èyí mà dà bí ẹni tó ń wá ọ̀nà ilé rẹ̀."

"Ọ̀nà ò sọnù. Ẹ̀yin ni ẹ ò gbé tẹ́nọ̀ yín."

Ní ìlà kejì ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, Agnes máa ń mí níbi tí ẹlòmíràn kì í mí. Olórí akọrin bá a wí títí ó fi sú u. Gbogbo mímí yẹn wà nínú kọ̀ǹpútà náà.

Orin náà gba ogójì mẹ́gà. Nígbà tó di oṣù kọkànlá ọdún 1999, ẹbí Oyèníyì wá láti Ìpogun pẹ̀lú fọ́tò aláwọ̀ bàbá wọn. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà ní kò sí àyè mọ́. Ọ̀gá Adéṣínà jókòó, ó ń wo orúkọ àwọn òkú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò mọ èyí tí yóò yọ. Agnes ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ pa orin mi rẹ́," ó ní.

"Orin rẹ?"

"Ṣé mi ò sí níbí ni? Tí ẹ bá ra èyí tó tóbi, n ó tún un kọ. Ṣé bàbá wọn lè tún wá ya fọ́tò ni?"

Ọ̀gá Adéṣínà yíjú padà sí kọ̀ǹpútà. Ó pa á rẹ́.

Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó ra dísìkì gígì mẹ́jọ. Àyè dé. Ọjọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá fi sí i láti tún orin náà kọ, ìgbéyàwó ẹnì kan á bọ́ sí i, tàbí kí iná má sí. Wọ́n á ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2001, ara Agnes kò yá lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́bọ̀, ó ti lọ. Ọkọ rẹ̀ ló to ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀. Kò gbà tó mẹ́gà mẹ́ta.

Èmi ni mo dá nǹkan sílẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Mo sọ fún un, bí ẹni ń ṣeré, pé ohun tí a bá pa rẹ́ kì í kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Orúkọ rẹ̀ nìkan ni kọ̀ǹpútà ń yọ, ohun náà á ṣì wà níbẹ̀ títí nǹkan mìíràn yóò fi gba ipò rẹ̀. Kí aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tó lù, ó ti pè mí.

A gbé dísìkì àkọ́kọ́ lọ bá Akínwùmí ní Ìjàpọ̀, ẹni tó máa ń wá ohun tó sọnù nínú kọ̀ǹpútà. Ó gba ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, Ọ̀gá Adéṣínà ra sípíkà tuntun. Ó ṣí àyè kan sórí dísìkì ńlá rẹ̀, ó kọ orúkọ Agnes sí i. Ó tún lọ gé irun.

"Ẹ má bínú, Bàbá," Akínwùmí ní nígbà tí a padà. "Mo rí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Nǹkan mìíràn ti jókòó lé e."

Ó ṣí i. Bàbá Oyèníyì tí wọ́n sin ní Ìpogun ló yọ, fìlà lórí, ojú rẹ̀ kún gbogbo gíláàsì kọ̀ǹpútà.

Ọ̀gá Adéṣínà wò ó títí. "Ẹ kú ìjókòó, sà," ó sọ fún fọ́tò náà.

Mo béèrè bóyá àwọn ẹbí yẹn padà wá fún ìrántí.

"Wọn ò padà wá rí."

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa bọ̀, mo ní kó dárí jì mí.

"Kí lo ṣe?" ó ní. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi retí rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti retí ẹnì kan kẹ́yìn."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, a lọ sí Oǹdó. Màmá Leah, tó kọ́ Agnes ní álítò, ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó wà níwájú ilé rẹ̀, kò tíì bọ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ọkọ Agnes," ó ní. "Mo rò pé o ti gbàgbé ọ̀nà."

Ọ̀gá Adéṣínà dárúkọ orin ìkórè tí Agnes kọ, ó sì ní kó kọ ọ́ sínú fóònù mi.

"Ohùn mi ti sán bí ìkòkò àtijọ́."

"Bó ṣe wà náà ni kí ẹ kọ ọ́, Màmá."

"Nígbà náà gbé tẹ́nọ̀, kí n má dá fi ara mi ṣe yẹ̀yẹ́."

Wọ́n jọ kọ ọ́. Ní ìlà kejì, Ọ̀gá Adéṣínà dúró, ó ń wo ẹnu màmá náà. Màmá Leah kò mí níbẹ̀. Ó ń bá orin lọ, tẹ́nọ̀ sì sáré tẹ̀lé e. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní gbogbo ẹsẹ.

Lọ́jọ́ Ajé, mo fẹ́ gbé orin náà sí àyè tí a kọ orúkọ Agnes sí. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Rárá. Ṣí tiwọn fún wọn. Kọ Màmá Leah sí i."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo fi ti Agnes sílẹ̀ bó ṣe wà, láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní kí n tan orin náà, ó sì di ojú rẹ̀. Nígbà tí orin dé ìlà kejì, mo gbọ́ tí Ọ̀gá Adéṣínà mí níbi tí Agnes máa ń mí.