Bí Àwọn Onígìtá Mi Ṣe Di Pépà Ẹ̀pà

Ẹgbẹ̀rin náírà ni kílò pépà àlòkù kan lọ́jà Ọ̀wọ̀ báyìí. Pépà tí ẹlòmíràn ti kà tán, tó ti fi nu gíláàsì wíńdò, òun là ń kó ẹgbẹ̀rin náírà lé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún wa, wọ́n á tún máa dúpẹ́ pé a bá àwọn kó ìdọ̀tí. Ẹ̀pà yíyan ni mò ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, lójú títì tó lọ láti Àkúrẹ́ sí Benin, nítorí náà kò sí ẹni tó lè kọ́ mi ní iye tí pépà ń jẹ. Ṣùgbọ́n pépà wà tí a kì í tà. Àbúrò mi ọkùnrin, tó fi ọdún márùndínlógójì ṣiṣẹ́ ìjọba, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kún fáìlì méjì, kò mọ ìyẹn. Èmi tí mo fi iléèwé sílẹ̀ ní pírámárì kẹrin ni mo mọ̀ ọ́n.

Àpótí onípákó kan wà ní yàrá ẹ̀yìn nílé bàbá wa ní Emùrè-Ilé. Màgasíìnì orin ló kún inú rẹ̀, èyí tí mo fi owó ẹ̀pà rà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn, àádọ́ta kọ́bọ̀ ẹyọ kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà, n kò lè ka ju orúkọ mi lọ. Ọmọbìnrin kan ládùúgbò wa tó ń lọ sí iléèwé àwọn Kátólíìkì ló ń kà á fún mi, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan fún ojú ìwé kan. Bí ẹ̀pà bá ti tán lẹ́nu rẹ̀ báyìí, yóò pa ìwé dé láàárín ọ̀rọ̀, ọ̀dájú ọmọ! Èyí ló mú kí n máa fi ìka tọ lẹ́tà fúnra mi. Pírámárì mẹ́rin kò kọ́ mi níwèé kíkà. Ọ̀kánjúwà ọmọ yẹn ló kọ́ mi.

Nítorí ẹgbẹ́ onígìtá kan ni mo ṣe ń ra ìwé wọ̀nyẹn. Ọmọkùnrin mẹ́rin ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ará Èkó, ọmọ ìlú wa níbí ni wọ́n. Ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ mẹ́káníìkì, ọ̀kan ń kọ́ṣẹ́ tíṣà, ẹni tó ń kọrin jẹ́ ọmọ bàbá tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó ń lu ìlù sì jẹ́ télọ̀. Télọ̀ yìí ló rán ṣòkòtò gbogbo wọn. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà fẹ̀ débi pé ibi tí wọ́n bá gbà kọjá kò nílò ìgbálẹ̀ mọ́. Kọ́tìnnì pupa inú yàrá tí àwọn akọrin ti ń wọṣọ ni ó fi rán ti ọmọ ọlọ́dùùrù. Àlùfáà wá kọ́tìnnì títí fún oṣù méjì, ó gba ààwẹ̀ lé e, àfi ọjọ́ tí ó rí i tó ń jó kọjá lójú ọ̀nà.

Rọ́ọ̀kì ni wọ́n ń pe orin wọn. Gìtá á máa ké bí ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ká mọ́ oko ẹ̀gẹ́, olórin á dọ̀bálẹ̀ lórí pèpéle, á máa ké bí ewúrẹ́, gbogbo àwa tí a jókòó á dáhùn bí àgbò. Wọ́n ní orin kan tí wọ́n fi ń bú ata. Láàárín orin náà wọn á dákẹ́, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á na ahọ́n síta, wọn á máa fi ọwọ́ fẹ́ ẹ: "Háà! Háà! Háà!" A ó rẹ́rìn-ín títí ikùn yóò fi máa dùn wá. Mo ti dàgbà, mo ti sin ọkọ, mo ti sin ọmọ kan, n kò tíì tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ìdóànì ni ọ̀ràn fọ́tò náà ti ṣẹlẹ̀. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nínú gbọ̀ngàn iléèwé. Oníwèé ìròyìn kan ti Ìbàdàn wá pẹ̀lú kámẹ́rà. Èmi náà gbé agolo bísíkíìtì mi tó kún fún ẹ̀pà, mo wọ ọkọ̀ elépo lọ, mo purọ́ fún ìyá mi pé ọjà ni mò ń lọ. Irọ́ díẹ̀ ni, mo ṣáà ta díẹ̀. Nígbà tí orin wá gbóná, jẹnẹrétọ̀ húkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Gìtá yadi. Gbogbo èèyàn ń pariwo pé kí wọ́n dá owó àwọn padà. Ni télọ̀ yìí bá fò sílẹ̀ láti orí pèpéle, ó já agolo gbà lọ́wọ́ mi, ó da gbogbo ẹ̀pà inú rẹ̀ sínú fìlà olórin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìdí agolo bí ẹni tí wọ́n ní kí ó jí òkú.

Mo gun pèpéle lọ bá a. Mo di ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Mo ní, "Fún mi ní agolo mi, olè!"

Kàkà kí ó fún mi, ṣe ló gbé e lórin: "Agolo mi o!"

Gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn: "Olè!"

"Agolo mi o!"

"Olè!"

Mo fẹ́ sunkún, ẹ̀rín ni kò jẹ́. Bí mo ṣe la ẹnu báyìí, tí ọwọ́ mi wà ní ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì télọ̀, ni kámẹ́rà kọ mànà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, a wà nínú màgasíìnì, odindi ojú ìwé kan. Ọmọ ọ̀dájú gba ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta kí ó tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi: ẹni karùn-ún nínú ẹgbẹ́ wá gba ìlù rẹ̀.

Ẹni karùn-ún! Èmi! Ìyá mi fi pankẹ́rẹ́ sọ iye ẹ̀pà tó ṣòfò fún mi, n kò gbọ́ ọ rárá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń bínú, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé nítorí orin ni. Nílé wa, àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń mú lọ sọ́dọ̀ onífọ́tò. Àbúrò mi ní fọ́tò ìrìbọmi, ó ní ti ọjọ́ tó wọ iléèwé, ó ní ti ọjọ́ tó jáde, ó ní èyí tó ti wọ aṣọ dúdú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ká ìwé ẹ̀rí mọ́wọ́ bí ẹni ká ẹ̀pà. Ògiri pálọ̀ rẹ̀ kò ní àyè tí aláǹgbá lè gbà. Èmi? Kí n tó lọ́kọ, fọ́tò kan ṣoṣo ni mo yà láyé, kámẹ́rà ará Ìbàdàn ló yà á, inú àpótí yẹn ló wà. Bí kì í bá ṣe pé ó wà níbẹ̀, kò sí ohun tí mo lè fi han ọmọ ọmọ mi pé èmi náà ti jẹ́ ọmọdé rí.

Ní ọdún yìí, àbúrò mi fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ilé bàbá wa. Ó kun ilé lọ́dà, ó tún yàrá ẹ̀yìn ṣe. Kò bi mí. Kò tẹ̀ mí láago. Mo lọ síbi ìnáwó náà, mo jẹun, mo jó, mo yin ọ̀dà ilé. N kò wo yàrá ẹ̀yìn. Ẹsẹ̀ ń ro mí.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn náà, mo ra kílò méjì lọ́wọ́ obìnrin onípépà tí mo ti ń bá rà láti ọjọ́ pípẹ́ wá. Ọ̀nà tó ń gbà tà á ni pé yóò fi ọ̀bẹ gé e sí mẹ́rin mẹ́rin, yóò dà á pọ̀, yóò fi okùn dì í. Ẹni tó bá ń ta ẹ̀pà kì í wo pépà. Ọwọ́ ló mọ iṣẹ́ náà: ká a bí ìwo, da ẹ̀pà sí i, lọ́ ọ lẹ́nu, ju sórí àtẹ. Ojú mi wà lára ẹni tó ń ta ìpékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí ó tún ti sún tábìlì rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ń sọ ìtàn ìran rẹ̀ fún un.

Ó tó aago mẹ́wàá kí akẹ́kọ̀ọ́ Póòlì kan tó ra ẹ̀pà. Ó jẹ ẹ́ díẹ̀, ó tú pépà wò, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá, ẹ wo bọ̀dá yìí! Ẹyẹ mẹ́ta lè yé ẹyin sínú irun rẹ̀."

Mo ní, "Bọ̀dá wo?" Mo na ọrùn.

Ọmọ ọlọ́dùùrù ni, pẹ̀lú ṣòkòtò kọ́tìnnì rẹ̀.

Mo já pépà gbà, ẹ̀pà dà sílẹ̀.

"Ìyá! Ẹ̀pà mi!"

"Mú òmíràn. Mú méjì. Kúrò níwájú mi."

Mo tú gbogbo ẹ̀pà orí àtẹ àti pépà tí n kò tíì ká. Ẹni tó ń ta ìpékeré gbàgbé ìjà, ó wá ń bá mi tú u. Ojú ìwé Ìdóànì ni mò ń wá. Mo rí ìdá kan: àwọn onígìtá méjì. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi ni ìdá kejì: olórin pẹ̀lú fìlà tó kún fún ẹ̀pà mi. Mo rí ìdá kẹta: télọ̀ ń lu agolo, lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ni ìka márùn-ún wà, ọ̀bẹ sì ti gba ibi ọrùn ọwọ́ kọjá. Ọwọ́ mi nìyẹn. Ìyókù ara mi kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀pà méje péré ni mo ti tà kí ọmọ Póòlì náà tó dé. Mo sáré wọ gáréèjì, mo ń bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ bí adìyẹ. Àwọn ọlọ́kadà yí mi ká.

"Ìyá Ẹlẹ́pà, ṣé owó ló bọ́?"

"Èmi ni mo bọ́!"

Wọ́n wo ara wọn. Síbẹ̀ wọ́n bá mi wá a. Wọ́n rí márùn-ún: òṣèlú méjì, ìpolówó ọṣẹ kan, ojú ìwé bọ́ọ̀lù kan, ọ̀kan tó ti wọ inú gọ́tà tó jẹ́ ìròyìn òkú. Ẹni kẹfà, kọndọ́kítọ̀ kan, ó ṣì ń jẹ tirẹ̀ lọ́wọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bí ọlọ́pàá: ìpolówó ọtí ni. Ó wá ku ẹyọ kan, èyí tí mo kọ́kọ́ tà láàárọ̀ fún ọkùnrin kan tó jókòó lójú fèrèsé bọ́ọ̀sì Benin. Ọlọ́kadà kan tó mọ dírébà náà tẹ̀ ẹ́ láago. A gbọ́ bí dírébà ṣe ń bi ọkùnrin náà. A gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ó ní èrò náà ti jẹ ẹ̀pà tán kí àwọn tó dé Ifọ́n, ó sì ti ju pépà sí ojú ọ̀nà. Ó ní ọkùnrin náà ní kí wọ́n bá òun kí Ìyá, ẹ̀pà náà dùn.

Mo padà sọ́dọ̀ onípépà, mo kó gbogbo èyí tó kù, mo tú u, n kò rí ojú mi níbẹ̀. "Ta ló tà á fún ọ?" "Ọkùnrin kan ní Emùrè ni, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ilé lọ́dà." N kò gbọ́ ìyókù, mo ti gun ọ̀kadà.

Àbúrò mi jókòó ní pálọ̀, lábẹ́ ogun fọ́tò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó."

"N kò jókòó. Àpótí mi dà?"

"Àpótí wo? Háà, ìwé àwọn onírun játijàti yẹn? Ẹ̀gbọ́n, eku ti ń jẹ ẹ́. Kílò mẹ́sàn-án ni. Wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta àti ẹgbẹ̀ta, mo fi kún owó ọ̀dà."

"O ta mí, o fi mí kun ilé."

"Ṣebí pépà ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ sọ iye tí ẹ bá fẹ́, mo máa san án."

Mo fi èdè Ọ̀wọ̀ bú u, èyí tí ìyá wa fi ń bú u nígbà tó ń tọ̀ sílé, èyí tí ìjọba kò fi kọ ìwé. Lẹ́yìn náà mo gun àga, mo yọ èyí tó wọ aṣọ dúdú gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kúrò lára ògiri, mo gbé e há abíyá, mo jáde. Ó wà lábẹ́ àtẹ mi títí di òní. Ọ̀bẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ iye." Mo máa ń jẹ́ kó bẹ̀ mí dáadáa kí n tó pa fóònù.

N kò dárúkọ iye fún un, nítorí bí mo bá dárúkọ rẹ̀, yóò mọ ẹni tó tà mí. Òun ta àpótí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ èmi fúnra mi ni mo fi ká ọmọ ọdún mẹ́rìnlá yẹn bí ìwo pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ tó là, tí mo da ẹ̀pà lé e lójú, tí mo lọ́ ọ lẹ́nu. Èmi ni mo nà án sí ọkùnrin yẹn lójú fèrèsé, tí mo tún fi èènì lé e nítorí pé òun ló kọ́kọ́ rà, tí mo ní, "Ẹ ṣé o, ọ̀gá mi, ẹ ó dé ire," tí mo sì gba igba náírà.