Àna Kì í Yẹ Iṣẹ́ Àna Wò

Rúlà ni gbogbo ayé ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, torí kò lè fa ìlà kan láìlo rúlà. Àwòrán ilé ló ń yà, èmi ni mo ń bá a tẹ ìwé àdéhùn. Gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tó fẹ́ràn bí ojú: agbaṣẹ́ṣe gbọ́dọ̀ yẹ àwòrán wò, tó bá ti fọwọ́ sí i, àṣìṣe inú rẹ̀ di ẹrù tirẹ̀.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀, agbaṣẹ́ṣe ni, ló gba iṣẹ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí Rúlà ya àwòrán rẹ̀. Kò tilẹ̀ tú àwòrán náà wò. Ó ní, "Bọ̀dá, ibo ni kí n fọwọ́ sí? Èmi kẹ̀! Kí n máa yẹ iṣẹ́ yín wò bí ẹni tó ń wá olè?" Rúlà rẹ́rìn-ín, ó fìka hàn án. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ojú ń tì mí báyìí.

Onílé ò tíì kó wọlé tí bákónì fi lanu. Rúlà tú àwòrán rẹ̀, ó rí àṣìṣe ara rẹ̀: irin tó yẹ kó nípọn bí àtàǹpàkò, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka tó kéré jù ló kọ sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́wọ́ o."

Ó ní, "Ìwé ti sọ̀rọ̀."

Ìwé! Ta ló ni ìwé ọ̀hún?

Lábẹ́ bákónì náà, lójú Rúlà, onílé bi agbaṣẹ́ṣe pé, "Àwòrán ni, àbí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ?"

"Àwòrán àna mi kọ́, sà. Kọnkéré mi ni ò pò dáadáa."

"Èyí ó wù kó jẹ́, o ti fọwọ́ sí i. Ìwọ lo máa tún un kọ́."

Rúlà gbé ẹ̀bi fún aláre, ó dúró síbẹ̀ ó ń nu jígí ojú rẹ̀.

Agbaṣẹ́ṣe ta ẹ̀rọ ìpo-kọnkéré tó fi ń bọ́ aya àtọmọ. Ó wá ń ru búlọ́ọ̀kù fún ẹlòmíì. Rúlà á pè mí, "Ṣé kí n sọ?"

"Ẹ sọ!"

"Ó dọ̀la."

Ọ̀la wo? Lánàá, ìyàwó rẹ̀ mú àbúrò rẹ̀ wá. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bọ̀dá, ẹ forí jì mí. Mo ba orúkọ yín jẹ́."

Omi lé ròrò lójú Rúlà. Mo ní ó máa sọ wàyí. Ó fà á dìde.

"Ó ti tán," ó ní. "Mo ti forí jì ẹ́."

Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀, ó ń dúpẹ́. Èmi náà ò lè lanu.