Ta-Nìyẹn àti Èmi-Ni

Ta-Nìyẹn là ń pe obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ní ọ́fíìsì wa. Bí èèyàn bá kan ilẹ̀kùn ilé rẹ̀, ì báà ṣe ọkọ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ béèrè: "Ta nìyẹn?" Ẹni tó bá dáhùn pé "Èmi ni" á dúró síta. "Gbogbo ayé ló ń jẹ́ Èmi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó ti dá èmi gan-an dúró rí pẹ̀lú ẹrù lórí, inú mi ò sì dùn sí i rárá.

Aṣàwákiri là ń ṣe, ètò tí èèyàn fi ń ṣí ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọkọ rẹ̀, tí a jọ wà ní ọ́fíìsì, ló kọ apá tó ń yẹ ìwé-ẹ̀rí ìkànnì wò, bóyá ẹlòmíràn tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé ló fọwọ́ sí i, kí àgádágodo kékeré tó lè yọ lókè pé ibẹ̀ ṣeé fọkàn tán. Iṣẹ́ ti ìyàwó ni láti wá ibi tó bá kù díẹ̀ káàtó. Ìyá ọkọ ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Aṣàwákiri yìí ni màmá fi ń bá dókítà ojú wọn sọ̀rọ̀.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ẹ̀dà tuntun jáde, Ta-Nìyẹn ṣe ìkànnì èké kan tó jọ ti dókítà náà, ó sì jẹ́ kí ìkànnì náà fọwọ́ sí ìwé-ẹ̀rí ara rẹ̀. Aṣàwákiri gbà á wọlé. Àgádágodo hàn gedegbe. Olè lè jókòó síbẹ̀ kó máa gba àṣírí màmá lọ́wọ́ wọn. Ta-Nìyẹn mọ̀ pé iṣẹ́ ọkọ òun lòun fẹ́ bẹnu àtẹ́ lù, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Olówó orí mi, ẹ wá wo nǹkan."

Ọkọ wò ó, ojú rẹ̀ le. "Orúkọ dókítà ló wà níbẹ̀ yìí."

"Mo rí i. Ta ló wá fọwọ́ sí i?"

Ó tẹ àgádágodo náà, ó kà á. "Ìkànnì náà fúnra rẹ̀."

"Èmi ni, àbí?"

Mo rò pé ìjà dé, mo ti ń wá ibi tí màá gbójú sí. Àfi bí ọkọ ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó lọ sọ fún ọ̀gá pé kí wọ́n dá ẹ̀dà náà dúró, pé òun lòun ṣe àṣìṣe. Orí mi wú.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ọkọ tún iṣẹ́ náà ṣe tán, mo sìn ín délé. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Ọkọ ẹ ni."

"Ta ló jẹ́rìí sí i?"

Ó wò mí. Mo gbé ojú sá: ta ló máa jẹ́rìí sí èmi náà? La bá gbọ́ ohùn màmá láti inú yàrá.

"Ìyàwó mi, ṣílẹ̀kùn fún un. Ojú mi ò ríran dáadáa, ṣùgbọ́n èmi ni mo bí i."