Ọdún Tí Òrùka Sátọ̀ọ̀nù Pòórá

Èmi àti ìyá mi la jọ máa ń wo Sátọ̀ọ̀nù, ìràwọ̀ olórùka nì. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, màá gbé tẹlisíkóòpù kékeré tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní físíìsì jáde sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Adó, ní kété tí ilẹ̀ bá ti ṣú. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ wò, màá sọ ohun tí mo rí, lẹ́yìn náà lòun yóò jókòó sórí àpótí, yóò tẹjú mọ́ ọn. Tíṣà lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì. Kì í gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ láìwò ó fúnra rẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, òrùka náà fẹ̀ débi pé ìyá mi pariwo. Ó ní ó dà bí ọsàn tí wọ́n gbé sáàárín àwo. Láti ìgbà náà ló ti ń tín-ín-rín lọ́dọọdún. Mo ṣàlàyé fún un pé kò sí ohun tó ṣe òrùka, ẹ̀gbẹ́ ló ń kọ sí wa. Mi ò sọ fún un pé ọdún kan ń bọ̀ tí a ò ní rí i mọ́. Mo fẹ́ fi yà á lẹ́nu.

Láàárín ọdún wọ̀nyẹn ni ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà ojú kan ní àdúgbò Adébáyọ̀ sọ pé oògùn kíkán ló lè dá àrùn náà dúró, kò sì gbọdọ̀ jáwọ́ ńbẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n àwọn ará ìjọ rẹ̀, Àládùúrà ni wọ́n, gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí rẹ̀, wọ́n sì fi omi àdúrà bọ́ ọ lójú. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde jẹ́rìí pé ojú òun ti là. Ìjọ jó. Èmi olùkọ́ físíìsì náà jó. Ẹni tó ti jẹ́rìí tán tó tún ń kán oògùn, ó ti sọ Ọlọ́run di òpùrọ́ nìyẹn, nítorí náà mi ò ra oògùn mọ́.

Ní oṣù kọkànlá tó kọjá, mo wo Sátọ̀ọ̀nù, òrùka ti lọ. Ìràwọ̀ náà dá wà, roboto. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò sọ ohun tí mo rí fún ìyá mi. Mo fẹ́ gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ó tẹjú mọ́ ọn fún ìgbà pípẹ́. “Ó mà dára o,” ó ní. “Òrùka rẹ̀ ṣì fẹ̀ dáadáa.”

Ó yẹ kí n sunkún, mi ò sun ún. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wa ni mo ń gbọ́. Mo wá bi í, bí ẹni ń béèrè ohun tí a ó jẹ: “Màmá, láti ìgbà wo lẹ ò ti ríran?”

Ó gbójú kúrò lẹ́nu tẹlisíkóòpù.

“Ojú náà ò là rárá,” ó ní. “Wọ́n ti febi panú nítorí mi, ọmọ mi. Mo ní bóyá bí mo bá ṣáà jẹ́rìí, yóò là. Nígbà tí kò là, mo wá ń retí pé wàá ra oògùn yẹn bọ̀ wá sí ilé, kí n má baà fi ẹnu ara mi béèrè.”